Ìtàn Ẹ̀rọ Tó Ń Yí Lọ́wọ́ Ẹni



Bí ẹ bá ń rìn kọjá ní Kétu, ní Ìpóbẹ̀, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́, ẹ ó gbọ́ igbe ẹ̀rọ kan láti inú àtẹlíyè àwọn tó ń jó irin pọ̀. Igbe náà máa ń gún etí. Ẹ̀ta iná á máa fò jáde lẹ́nu rẹ̀. Meuleuse ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Àwọn káfíńtà ní tiwọn tí wọ́n fi ń dá igi lu. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní èyí tó kéré, tí wọ́n ń dì mú bí ẹni di kálàmù mú. Orúkọ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìdílé kan ni gbogbo wọn: èèyàn dì í mú lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ sì ń yí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ tó ń kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn nínú yín ń ṣe é fúnra wọn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn ẹ̀rọ yìí. Gbogbo ohun tí wọ́n dè mọ́ ọn lára ló ní ìdí. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á rò pé ẹrù lásán ni, á sì tú u sọ nù.

Ẹ rántí òkòtó tí a ń ta ní kékeré. Ìka méjì ló ń ta á. Ìka ti kúrò lára rẹ̀, òkòtó ṣì ń jó. Ọkọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí apá bá dúró, ọkọ́ dúró. Àdá náà bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ tí àwọn agbẹ́gilére Kétu fi ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà bẹ́ẹ̀: apá ló ń gbé e sókè, apá ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń yí lè máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí ọkàn ẹni tó dì í mú ti lọ sí ibòmíràn. Ẹ fi òkòtó yìí sọ́kàn bí ẹ ti ń kàwé lọ.

Ìlu àtijọ́

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ìlu. Ìlu ni irin ṣóńṣó tí a fi ń dá nǹkan lu. Bí ẹ bá fi àmì ohùn òkè sí ìparí rẹ̀, ó di ìlú tí a ń gbé. Bí ẹ bá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí i, ó di ìlù tí a ń lù. Ẹ rí ìdí tí a fi ń pariwo àmì ohùn ní kíláàsì.

Ìlu tó ń yí ti pẹ́ láyé gan-an. Ní ilẹ̀ Pakístánì, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Mehrgarh. Àwọn tó ń wú ilẹ̀ láti wá ìtàn rí eyín àwọn ará àtijọ́ níbẹ̀, eyín tí wọ́n ti fi ìlu dá lu. Eyín 11 ni, ẹnu èèyàn 9 ni wọ́n ti wá. Wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde ní 2006. Wọ́n ní iṣẹ́ náà ti tó ọdún 7500 sí 9000. Akọ òkúta ṣóńṣó ni ẹnu ìlu tí wọ́n lò. Àwọn onímọ̀ ṣe irú rẹ̀, wọ́n dán an wò, kò sì gbà á tó ìṣẹ́jú kan kó tó dá eyín lu. Ẹnu alààyè ni wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ náà, nítorí ó hàn lára eyín wọ̀nyí pé àwọn tó ni wọ́n ṣì ń fi wọ́n jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò fẹ́ máa ro bí ó ti dùn wọ́n tó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yí i? Ọrun ni wọ́n ń lò, irú èyí tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Wọ́n á fi ọṣán ọrun yí igi ìlu po lẹ́ẹ̀kan. Bí ọwọ́ kan bá ń ti ọrun lọ, tó ń fà á bọ̀, igi á máa yí. Ọwọ́ kejì á máa tẹ orí igi náà mọ́lẹ̀. Ní Íjíbítì, wọ́n ya àwòrán iṣẹ́ yìí sára ògiri ibojì Rekhmire, ìjòyè ńlá kan tó gbé ayé ní nǹkan bí 3400 ọdún sẹ́yìn. Ibojì náà wà ní ẹ̀bá ìlú tí a ń pè ní Luxor lónìí. Káfíńtà kan wà níbẹ̀ tó ń dá igi àga lu. Àwọn tó ń dá ìlẹ̀kẹ̀ lu náà wà níbẹ̀, tí ẹnì kan ń fi ọrun kan ṣoṣo yí ìlu mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó wù mí jù lọ nínú iṣẹ́ àwọn ará Íjíbítì kéré, ojú lè fò ó. Igi tó ń yí máa ń gbóná. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ á bó. Nítorí náà, wọ́n máa ń mú òkúta, tàbí ìdajì èso líle igi kan tó jọ ọ̀pẹ, tí wọ́n ń pè ní dum. Wọ́n á gbẹ́ ihò kékeré sí i, wọ́n á fi dé orí igi ìlu. Orí ìdérí yẹn ni ọwọ́ wọn ń wà. Kóró èso tí ẹlòmíràn ì bá sọ sórí ààtàn ni o! Lójú tèmi, ó wà lára ààbò ọwọ́ tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ fún irinṣẹ́ tó ń yí. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ọwọ́ bó, wọ́n wò ó, wọ́n ronú.

Kùráǹ dé

Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, apá èèyàn ló ń yí ìlu. Bí ó bá rẹ apá, ìlu á dúró. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn eyín wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ yí padà. Ní 1871, James Morrison ní Amẹ́ríkà gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba, irú ìwé tó ń jẹ́rìí pé ẹnì kan ló ni ọgbọ́n tuntun. Ìlu eyín tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ni tirẹ̀, bí télọ̀ ṣe ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní 1875, George Green gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ìlu eyín tí iná mànàmáná ń yí, iná tí àwa ń pè ní kùráǹ. Ní 1889, Arthur Arnot àti William Brain gba tiwọn ní Melbourne, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, fún ìlu oníkùráǹ tí ń dá òkúta lu. Nígbà tó di 1895, ilé-iṣẹ́ Fein ní Stuttgart, ní Jámánì, ṣe ìlu oníkùráǹ tí èèyàn lè fi ọwọ́ gbé lọ bá iṣẹ́ níbi tí iṣẹ́ wà. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé lọ bá ẹ̀rọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Kì í rẹ kùráǹ. Bí ìlu ọlọ́run bá há sínú igi, apá á mọ̀, apá á dúró. Kùráǹ kò mọ̀. Bí ẹnu ìlu bá há sínú irin, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò yí dípò ẹnu rẹ̀, á sì lọ́ ọrùn ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Bí ibi tí wọ́n ti ń pa á bá jìnnà sí ìka, kí ìka tó débẹ̀, ọwọ́ ti yẹ̀.

Ní 1910, ọkùnrin méjì, Duncan Black àti Alonzo Decker, dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Black ta mọ́tò rẹ̀ ní 600 dọ́là kí wọ́n tó rí owó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wo ìbọn ìléwọ́, bí a ti ń dì í mú, bí ìka kan ti ń fà á. Wọ́n ṣe ìlu oníkùráǹ tó ní irú ìdìmú bẹ́ẹ̀, ìwé tiwọn sì jáde ní 1917. Bí ìka bá fà á, ó ń yí. Bí ìka bá jọ̀wọ́ rẹ̀, kùráǹ dá. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí a ń gbá mú lónìí ló tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn kan ń ṣe. Wọ́n á fi rọ́bà tàbí wáyà so ibi tí ìka ń fà mọ́lẹ̀, kí ìka má bàa rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ti dá ẹ̀rọ náà padà sí ayé ṣáájú 1917. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òkòtó onírin ló já sílẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, irin ni ara wọn. Bí wáyà inú wọn bá bó, tó kan ara irin náà, kùráǹ á gba inú ẹni tó dì í mú kọjá. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí fi ohun tí kùráǹ kì í gbà kọjá bò ó ní ìlọ́po méjì. Ẹ wo ara ẹ̀rọ yín: bí ẹ bá rí igun mẹ́rin kékeré kan nínú igun mẹ́rin ńlá, àmì rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àmì náà kò wúlò mọ́ bí ara ẹ̀rọ bá ti là tàbí bí ẹ bá ti fi tépù di okùn rẹ̀ tó bó.

Òkúta ìpọ́nbẹ àti eruku rẹ̀

Gbogbo wa la mọ òkúta ìpọ́nbẹ. Bí a bá gé òkúta náà róbótó, tí a ń yí i, ọ̀bẹ á mú kíákíá. Ní ìlú Sheffield, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ jẹun ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ń pọ́n ọ̀bẹ, wọ́n ń pọ́n abẹ ìfárùngbọ̀n, wọ́n ń pọ́n fọ́ọ̀kì. Òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ ìjẹun máa ń tutù, omi wà lára rẹ̀. Òkúta gbígbẹ ni wọ́n fi ń pọ́n fọ́ọ̀kì. Dókítà kan níbẹ̀, Arnold Knight, kọ̀wé nípa wọn ní 1830. Ó ní láàrin ọmọ ọdún 28 sí 32 ni àwọn tó ń pọ́n fọ́ọ̀kì ń kú. Àwọn tó ń fi òkúta tútù pọ́n ọ̀bẹ ń lò tó ọdún 40 sí 50. Ìlú kan náà ni. Omi ló fi ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kún ẹ̀mí àwọn kan.

Kí ló ń pa wọ́n? Eruku òkúta ni. Èyí tí ojú ń rí kọ́ ló burú jù. Èyí tí ojú kò rí ló ń wọlé dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, tí kì í sì í jáde mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró á le, kò ní lè fẹ̀ dáadáa láti gba afẹ́fẹ́. Kì í pani lọ́jọ́ kan, ó lè gba ọdún púpọ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi í pe ohunkóhun. Kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nígbà náà: láti 1700 ni Bernardino Ramazzini, dókítà ará Ítálì, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn agbẹ́kùúta ń fa èérún mímú sínú, pé ó ń fún wọn ní ikọ́ àti èémí kúkúrú.

Ọkùnrin kan ní Sheffield, tí ń jẹ́ J. H. Abraham, wá ọgbọ́n kan dá láàrin ọdún 1820 sí 1830. Ó lo irin òòfà, kó máa fa èérún irin mọ́ra kó má bàa dé imú. Kò pé, nítorí òòfà kì í fa eruku òkúta. Síbẹ̀, kì í ṣe nítorí àìpé rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ kò fi lò ó. Àwọn apọ́nbẹ kan ń bẹ̀rù pé bí iṣẹ́ náà kò bá pani mọ́, èrò á rọ́ wọ inú rẹ̀, owó iṣẹ́ á sì já wálẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ikú ni ọgbà tí wọ́n fi yí owó iṣẹ́ wọn ká. Mi ò lè bú wọn, torí ẹni tí ebi ń pa kì í ro ogún ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàrin wa, bí ọ̀gá kan bá ń sọ fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pé ojo ló ń bo imú.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní Ọsirélíà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi meuleuse gé òkúta àtọwọ́dá tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan náà, bí ti Sheffield. Ó pọ̀ débi pé ìjọba ibẹ̀ fi òfin de òkúta náà láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2024. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń gé kàró ilẹ̀, tó ń gé bíríkì, tó ń gé símẹ́ǹtì gbígbẹ tàbí òkúta ibojì, eruku kan náà ló ń fà sínú. Ìbòmú aṣọ tí a lò nígbà Kòrónà ní 2020 kò tó fún un. Èyí tí wọ́n kọ FFP3 sí lára ni kí ẹ wá. Omi ṣì dára bó ti dára ní 1830, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa da omi sí meuleuse oníkùráǹ tí wọn kò ṣe fún omi. Ẹ gé e níta gbangba, kí afẹ́fẹ́ máa gbé eruku lọ kúrò lọ́dọ̀ yín àti lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé.

Láti òkúta dé àwo pẹlẹbẹ

Ní 1891, Edward Acheson ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ń wá bí yóò ṣe fi ọwọ́ ṣe dáyámọ́ńdì. Ó kó amọ̀ àti èédú pọ̀, ó fi kùráǹ líle gbà á kọjá. Kò rí dáyámọ́ńdì. Ó rí èérún dídán kéékèèké tó le gan-an, ó sì sọ ọ́ ní carborundum. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1893. Àwọn tó ń dán òkúta iyebíye ló kọ́kọ́ ń rà á, kó tó di ohun tí wọ́n ń fi ṣe òkúta ìpọ́nrin.

Ó ku ohun tí yóò di èérún mọ́ra wọn. Ní 1909, Leo Baekeland, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, kéde oje àtọwọ́dá kan tó jẹ́ pé bí iná bá ti mú un le, kì í yọ́ mọ́. Irú oje bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń di èérún pọ̀ nínú àwo pẹlẹbẹ tí a fi ń gé irin lónìí, pẹ̀lú àwọ̀n tí wọ́n fi okùn gíláàsì hun. Bí ẹ bá ṣẹ́ àwo tó ti jẹ tán, ẹ ó rí àwọ̀n náà. Nítorí náà, àwo yìí kì í ṣe irin. Ó súnmọ́ búrẹ́dì gbígbẹ ju irin lọ: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ṣẹ́.

Ní 1932, Albert Dremel, ọmọ ilẹ̀ Austria, dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Racine, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́dìmú fún àwọn tó ń fín nǹkan. Àwọn kan nínú irú ẹ̀rọ kékeré yìí ń yí tó ìgbà 35000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má jẹ́ kí kíkéré rẹ̀ tàn yín jẹ, ojú lè bá a lọ. Ní 1954, ilé-iṣẹ́ Ackermann àti Schmitt ní Steinheim, ní Jámánì, gbé meuleuse tó ń yára yí jáde. Flex ni orúkọ ọjà wọn. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ará Jámánì ń pe gbogbo meuleuse ní Flex, bí àwa ti ń pe gbogbo ọṣẹ ẹlẹ́búlẹ́bú ní Omo.

Ẹ ka ara àwo

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni ìwé kíkà ti lè yọ èèyàn nínú ewu.

Ẹ mú meuleuse kékeré kan. Àwo rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 115. Ẹ wo ara ẹ̀rọ náà, ẹ ó rí nọ́ńbà kan bíi 11000, pẹ̀lú tr/min tàbí min⁻¹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń sọ pé àwo á yí ní ìgbà 11000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, etí àwo náà ń sáré tó mítà 66 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá jẹ́ mọ́tò, ìyẹn ju kìlómítà 235 lọ ní wákàtí kan. Ẹ kò ní rí takisí tó ń sá bẹ́ẹ̀ lójú títì Kùtọnu sí Parakú.

Ẹ wá ka àwo fúnra rẹ̀. Lára àwo 115 tó dára, ẹ ó rí 80 m/s, ẹ ó rí 13300, ẹ ó sì sábà rí ìlà pupa. Gbogbo rẹ̀ ń sọ ohun kan náà: etí àwo yìí kò gbọdọ̀ sáré ju mítà 80 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwo náà kò sì gbọdọ̀ yí ju ìgbà 13300 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ yín ń yí ní 11000. 11000 kò tó 13300. Wọ́n bára mu.

Àwo ńlá wà tó fẹ̀ ní mìlímítà 230. Ẹ ka ara rẹ̀: 80 m/s ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kejì ti di nǹkan bí 6600. Àwọn kan máa ń tú ìbòrí irin ara meuleuse kékeré kúrò, wọ́n á gbé àwo ńlá yìí sí i. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀rọ ńlá wọ́n, àwo ńlá sì ń pẹ́ kó tó jẹ tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí àwo 230 bá yí ní ìgbà 11000, etí rẹ̀ ń sáré ní mítà 132 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mítà 80 ni wọ́n ṣe é fún. Ipá tó ń fà á ya ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n ní kó má kọjá. Bí ó bá ya, ọrùn, ojú tàbí ikùn ẹni tó dì í mú, tàbí ẹni tó kàn dúró ń wòran, ni àfọ́kù rẹ̀ ń lọ. Kò sì sí ìbòrí mọ́ tí yóò dá a dúró, nítorí ìbòrí ni wọ́n kọ́kọ́ tú. Bẹ́ẹ̀, ìbòrí náà ti sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwo kò gba abẹ́ rẹ̀, ó ń wí pé àwo yìí kì í ṣe ti ẹ̀rọ yìí. Irú èyí náà ni ti àwo eléyín tí a fi ń la pákó. Ẹ má gbé e sórí meuleuse. Eyín rẹ̀ máa ń gbá igi mú, ẹ̀rọ á sì fò padà bá ẹni tó dì í mú.

Nọ́ńbà kan ṣì kù. Ó wà lára òrùka irin kékeré tó yí ihò àárín àwo ká: oṣù àti ọdún. Oje inú àwo máa ń gbó, ọ̀rinrin sì ń bà á jẹ́. Òfin àwọn ará Yúróòpù ni pé irú àwo yìí kò gbọdọ̀ kọjá ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é. Àwo tí òjò ti pa lórí àtẹ, àwo tó ti jábọ́ tó sì sán, ẹ má gbé e sí ẹ̀rọ bí ọdún rẹ̀ kò tilẹ̀ pé.

Ìyókù kò pọ̀. Ẹ yọ okùn kùráǹ kúrò lára ògiri kí ẹ tó pààrọ̀ àwo. Pípa á nìkan kò tó. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ọwọ́ kan sí ìdìmú ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ń gé nǹkan, ẹ má dúró sí ojú ọ̀nà àwo, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Kí ẹ tó gbé e kalẹ̀, ẹ dúró kí òkòtó jó tán. Ẹ má wọ agbádá, ẹ má ta ìborùn, ẹ di irun tó gùn. Bí ẹ bá ń lo ìlu oníkùráǹ, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ aṣọ, nítorí ó lè wé mọ́ ọn, kó sì fa ìka lọ.

Àgbá tó ti gba bẹntiróòlù rí, ẹ má ṣe gé e, ì báà gbẹ. Irú àgbá bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú títì wa nítorí kpayo. Oorun tó kù nínú rẹ̀ ni ẹ̀ta iná ń gbá mú.

Ní ti ojú, awò tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú pẹ̀lú ni kí ẹ lò. Bí èérún irin bá wọ ojú láìka èyí sí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín fi igi ìṣáná tàbí etí aṣọ wa á jáde. Ẹ má ra ojú náà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí irin máa ń dípẹtà nínú ojú bó ti ń dípẹtà nínú òjò.

Kí a tó tún pàdé ní kíláàsì, kí olúkúlùkù yín lọ sí àtẹlíyè kan tó wà nítòsí ilé rẹ̀, kó tọrọ àwo kan tó ti jẹ tán, tí òrùka rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ kọ oṣù àti ọdún tó wà lára rẹ̀ sínú ìwé yín. Bí nọ́ńbà yíyí bá ṣì hàn, ẹ kọ ọ́ sí ìlà kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi lo àwo náà, kí ẹ kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sí ìlà kẹta. A ó jọ kà wọ́n.